Wíwá Ìpàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí: Fún Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ọlọ́ràá ní agogo márùn-ún ìdájí, kí àwọn tó lọ kí ìrun Àsùbáà tó padà délé, gbọ́n tó láti wá ìpàdé rí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá kan wà lẹ́yìn Gáráàjì Ọ̀fà tó máa ń ṣí fèrèsé fún mi láì tan iná. Bí mo ṣe ń kan fèrèsé náà ló fi ń dá mi mọ̀. Èmi tí mo rí fèrèsé yẹn nínú òkùnkùn ni mo tún ń sọ fún ìyàwó mi pé n ò mọ ibi tí ènìyàn ń gbà kúrò nídìí ọtí.

N ò ní dárúkọ ara mi. Kì í ṣe ti ìtìjú. Bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Irú ìpàdé tí mò ń sọ

Kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ilé ìwòsàn. Àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ló ń jókòó pọ̀, tí oníkálùkù ń sọ bí ó ṣe ṣe é tí kò fi mu lónìí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Alcoholics Anonymous, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AA. Ọdún 1935 ló bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bill W., tí ọtí ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ṣòwò lọ sí ìlú yẹn, òwò náà sì forí ṣánpọ́n. Ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Dípò kó wọ ilé ọtí, ó wá ọ̀mùtí mìíràn kàn, ìyẹn dókítà tí wọ́n ń pè ní Dr. Bob, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Dr. Bob tún yẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò pẹ́ sígbà yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì kò mu mọ́ títí tí wọ́n fi kú. Ẹ fi "àwọn méjèèjì" yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ó wù ọ́ láti jáwọ́.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ara

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, pàápàá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ àfi tó bá mu díẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife tó gbẹ̀yìn, òógùn á bo ara, àyà á máa já, oorun á fò lọ. Wárápá lè gbé ènìyàn láàárín wákàtí 6 sí 48, bí kò tilẹ̀ ní wárápá rí láyé rẹ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ìṣèrànrán lè dé: ara á gbóná, ènìyàn á máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ jà. Ó ń pa ènìyàn.

Ní Ìlọrin, Rámàdánì ni mo máa ń bẹ̀rù jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Alẹ́ tí wọ́n bá kéde oṣù ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń búra. Tó bá di ọjọ́ kejì ààwẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú pọ́n, ará ilé á ní ààwẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lára. Tó bá di ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí kò yẹ. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹni tó bá sì la Rámàdánì já láìmu, tó tún padà sídìí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀, kí ó má fi ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn tan ara rẹ̀ pé ọtí kò tíì di bárakú fún òun. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ara mi.

Níbo ni kí ẹ lọ? Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, wà ní Òkè-Oyì. Ẹ̀ka tí ẹ ó bèèrè ni Behavioural Sciences. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Budo-Ẹ̀gbá. Àwọn tó wà ní gúúsù lè ti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán bẹ̀rẹ̀, kí dókítà ibẹ̀ kọ ìwé fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ilé ìwòsàn ọpọlọ" lé yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Tí dókítà bá béèrè iye tí ẹ ń mu, ẹ sọ òótọ́. Ẹ ka ọ̀rá, ẹ ka ìgò, ẹ má sọ pé "díẹ̀díẹ̀". Iye yẹn ni yóò fi mọ̀ bóyá kí ẹ sùn síbẹ̀, àti ìwọ̀n oògùn tí yóò fi mú ara balẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi fítámì B1 kún un, nítorí ọtí máa ń jẹ ẹ́ tán lára.

Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá tirẹ̀ ti dé ibẹ̀, ìbéèrè 10 kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde, AUDIT lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè bi yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí máàkì bá ti pé 8, ewu ti wà níbẹ̀. Tó bá ti pé 20, ó ṣeé ṣe gan-an kó ti di bárakú.

Ibi tí ẹ ó ti wádìí

Ẹ má wá pátákó. Ẹgbẹ́ tó ń pa orúkọ ènìyàn mọ́ kì í kọ orúkọ tirẹ̀ gàdàgbà sójú títì. Ẹnu ènìyàn àti fóònù ni ẹ ó fi rí i, bí a ṣe ń rí ẹlẹ́mu tó dára.

Àkọ́kọ́ ni ilé ìwòsàn tí mo ti sọ. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹbí aláìsàn, tí wọ́n ń pè ní social worker, kì í ṣe dókítà nìkan. Dókítà á kọ oògùn fún yín. Òṣìṣẹ́ yẹn ló mọ ẹni tó ti jáwọ́ lọ́dún tó kọjá tí inú rẹ̀ yóò dùn láti gbọ́ ohùn yín.

Èkejì ni fóònù NDLEA, 0800 1020 3040. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn ń ba ènìyàn lẹ́rù. Oògùn olóró ni iṣẹ́ wọn gan-an, ọtí kò sí lára ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ mú ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí fóònù yẹn lè tọ́ yín sọ́nà.

Ẹ̀kẹta ni ojú-ewé aa.org, níbi tí wọ́n ti to bí a ṣe lè kàn sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè lọ́kọ̀ọ̀kan, àti áàpù Meeting Guide tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Tí èyí tó sún mọ́ yín jù lórí rẹ̀ bá jìnnà, ẹ má pa fóònù. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ níwájú.

Ti Alfa àti pásítọ̀ ńkọ́? Bí tiyín bá jẹ́ ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ lọ bá a, ó lè mọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi yín ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kódà tí kò bá dárúkọ, ẹ yà fún un. Gbogbo àdúgbò ni yóò mọ ẹni tó ń bá wí.

Tí ẹ bá pe nọ́ńbà kan, ọ̀rọ̀ kì í yọ lẹ́nu. Èmi kọ tèmi sínú ìwé kí n tó pè, mo sì kà á bí ọmọ iléèwé:

"Ẹ káàsán o, sà. Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo tìtorí ẹ̀ pè. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí ti ń pàdé ní agbègbè Ìlọrin, tàbí ẹnì kan tó mọ̀ wọ́n? Ẹ má bínú, n ò ní lè sọ orúkọ mi báyìí."

Tí wọ́n bá ní ó wà, ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń lọ lọ́wọ́, nítorí ìpàdé máa ń ṣí kúrò láàyè kan. Ẹ béèrè ọjọ́, àkókò, àti ẹni tí ẹ ó bèèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè bóyá ti gbogbo ènìyàn ni tàbí ti ọ̀mùtí nìkan: nínú AA, oríṣi méjì ló wà, èyí tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè bá yín wọ̀, àti èyí tí kìkì ẹni tó fẹ́ jáwọ́ lè wọ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ owó kí ẹ tó wọlé, ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n bá sì ti ní kí wọ́n gbé yín wá kí wọ́n dè yín mọ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìpàdé rárá. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tú àṣírí irú ibẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn, tí wọ́n ń nà wọ́n. Àwọn ẹbí ló sábà máa ń fi ọwọ́ ara wọn gbé ènìyàn wọn lọ, pẹ̀lú omijé lójú. Ẹ sọ fún tiyín ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ojú ayé

Ìlọrin tóbi, ṣùgbọ́n agboolé ló kó wa pọ̀. Ẹ bá ẹnì kan pàdé ní Tanke, kí ẹ tó jókòó tán ó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ àti bàbá yín jọ lọ ilé kéwú kan náà. Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ wọn kì í béèrè ilé yín, wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí a ń mu. Ta ló ń mu ládùúgbò rẹ̀? A máa ń gun ọ̀kadà kọjá àdúgbò mẹ́ta kí á tó jókòó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ará Ọ̀fà lè wá ìpàdé sí Ìlọrin. Ará Òkèlele lè wá tirẹ̀ sí ọ̀nà Òkè-Oyì. Ohun tó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé bí ẹ bá bá ojúlùmọ̀ níbẹ̀, òun náà ló ń wá ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n ò fi dárúkọ ara mi.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì

Orí Zoom ni èmi ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì. aa-intergroup.org ni wọ́n to àwọn ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti AA sí, wọ́n sì ń lọ ní gbogbo wákàtí láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ ti AA lè wo SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ti wọn kò dá lórí Ọlọ́run, bí ènìyàn ṣe ń ronú àti bí ó ṣe ń hùwà ni wọ́n ń bá a yẹ̀ wò.

Àkókò ni ó máa ń kọ́kọ́ da ènìyàn láàmú. Tí ìpàdé Amẹ́ríkà bá ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ti New York, agogo kan òru ni ní Ìlọrin, tàbí méjì lásìkò òtútù wọn. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí oorun kò kùn. Ti South Africa fi wákàtí kan ṣáájú wa: méje alẹ́ wọn, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ti Kenya fi wákàtí méjì ṣáájú. Ti ìlú Ọba ló bá wa mu jù, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Aago wọn àti tiwa dọ́gba láti Sunday tó gbẹ̀yìn nínú oṣù March títí di Sunday tó gbẹ̀yìn nínú October. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àwa kì í yí tiwa. Oṣù November ni mo kọ́kọ́ wọlé. Mo wọlé ní agogo méje tí wọ́n kọ, mo jókòó ogójì ìṣẹ́jú níwájú ojú-ewé tó ní kí n dúró, mo ní àwọn wọ̀nyí náà ti kọ̀ mí. Mo dìde, mo lọ kan fèrèsé. Agogo mẹ́jọ tiwa ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di àsìkò yẹn, ẹ fi wákàtí kan kún un.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ yí orúkọ tó wà lórí Zoom padà. Fóònù púpọ̀ ló máa ń gbé orúkọ àti orúkọ bàbá jáde láìbéèrè, "Ayọ̀" tàbí "A." ti tó. Ẹ pa kámẹ́rà, dátà kò ní jẹ púpọ̀, ojú kò sì ní hàn. Ẹ fi íápíìsì sétí kí ará ilé má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ gba iná sí fóònù láti ọ̀sán, ẹ kúkú mọ iná wa.

Ìkìlọ̀ kan lórí WhatsApp: tí wọ́n bá fi yín sínú gúrúùpù, nọ́ńbà yín ti hàn sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ nìyẹn, àti fọ́tò yín tó wọ àǹkárá ìgbéyàwó àbúrò yín. Ẹ lo síìmù mìíràn, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ yọ fọ́tò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ má mu kí ẹ tó lọ. Tí ẹ bá mu, ẹ lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kàn dákẹ́ ni.

Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ló máa ń gbà. Wọ́n á ka nǹkan díẹ̀, ẹnì kan á sọ ìtàn rẹ̀, àwọn mìíràn á tẹ̀lé e. Wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn, wọn kì í gba ara wọn nímọ̀ràn láàárín ìpàdé. Fún Yorùbá, èyí ló ṣòro jù. Tó bá kàn yín, ẹ lè ní, "Mo fẹ́ gbọ́ lásán lónìí." Kò sẹ́ni tí yóò fi agídí mú yín sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gbé agbọ̀n owó yíká, owó yàrá àti tíì ni. Kò pọn dandan kí àlejò fi nǹkan síbẹ̀.

Wọ́n máa ń dárúkọ Ọlọ́run, "bí oníkálùkù ṣe mọ̀ Ọ́n" ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. AA kò sí lábẹ́ ẹ̀sìn kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan lókè òkun máa ń yá yàrá ṣọ́ọ̀ṣì lò, tí ìpàdé mìíràn á sì fi àdúrà àwọn Kristẹni parí. Mùsùlùmí lè dákẹ́, kó ṣe tirẹ̀ nínú. Èmi máa ń ka Fátíhà, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Kí ẹ tó jáde, ẹ gba nọ́ńbà ẹnì kan. Ìpàdé wákàtí kan ni, ọjọ́ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Nọ́ńbà yẹn ni ti wákàtí mẹ́tàlélógún tó kù. Tó bá yá, ẹ ó mú ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà láti ìgbésẹ̀ kan dé òmíràn nínú ìgbésẹ̀ 12 tí ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé. Ọkùnrin sábà máa ń mú ọkùnrin, obìnrin á mú obìnrin.

Tí ìpàdé kan kò bá bá yín lára mu, ẹ wá òmíràn. Ilé ọtí mélòó ni a wọ̀ kí á tó rí èyí tí a fẹ́ràn?

Fún ìyàwó, ọkọ àti ìyá ọ̀mùtí

Ẹ̀yin náà ní tiyín. Al-Anon ni wọ́n ń pè é, láti 1951. Ìyàwó Bill W. wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ẹ lè lọ bí ọ̀mùtí yín tilẹ̀ kọ̀ láti lọ sí tirẹ̀. Ìyàwó mi lọ kí èmi tó lọ. Ó dá fífọ èébì mi dúró, ó dá irọ́ pípa fún ọ̀gá mi dúró, kò sì bá mi jà mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

Bí kò bá sí nítòsí

Mo ní mò ń padà bọ̀ wá sórí àwọn méjèèjì. Nínú ìlànà AA, ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta tó bá péjọ nítorí àti jáwọ́ lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́, bí wọn kò bá ti so ó mọ́ nǹkan mìíràn. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí ẹ bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà dókítà, tí ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá kíláàsì iléèwé tó ṣófo lópin ọ̀sẹ̀, tàbí ìdí igi máńgòrò tí kò sún mọ́ títì. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́, kódà tó bá jẹ́ ẹnì kan ló wá. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tí mo ti ń fi gẹ̀ẹ́sì sọ láti oṣù mẹ́ta lórí Zoom, ìgbà tí mo sọ ọ́ ní Ìgbómìnà ni mo tó sunkún. Ẹ má gba ipò alága, akọ̀wé tàbí akápò, ìjà ibẹ̀ ló ń tú ẹgbẹ́ ká nílẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Sátidé ni èmi máa ń sọ pé kí wọ́n mú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gan-an. Ní gúúsù Kwara, àkókò yẹn ni ìsìnkú àti ìnáwó máa ń gbóná, tí wọ́n á ti máa gbé páálí ọtí sábẹ́ tábìlì yín láìbi yín. Ẹ jẹun, ẹ ná onínàáwó lówó, kí ẹ dìde. Tí wọ́n bá bi yín pé níbo, ẹ ní ẹ ní ìpàdé. Kò sẹ́ni tí yóò tún bi yín léèrè ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àgọ́ yẹn ló ní ìpàdé tirẹ̀. Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ pe ẹnì kejì yín, kí ó mọ̀ pé ẹ ti kúrò níbẹ̀.